Ẹsẹ̀ Tí Kò Padà Sójú Ipa Rẹ̀

Bí ènìyàn bá sọ fún ìyá àgbà kan ní Ìsẹ́yìn pé òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ rin ogún kìlómítà lónìí, pé òun kò lọ sóko, òun kò lọ sọ́jà, òun kò sì lọ kí ẹnikẹ́ni, ìyá náà á kọ́kọ́ wò ó lójú dáadáa, á wá béèrè bóyá ara rẹ̀ dá. Nílé wa, ìrìn ní ìdí. Ẹni tó bá ń rìn káàkiri láìnídìí, ẹbí á pe ìpàdé lé e lórí. Síbẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti ń kó àwọn ọmọ ìyá wa jáde kúrò ní Lọ́ńdọ̀nù ní òwúrọ̀ Sátidé. A ó wọ ọkọ̀ ojú irin, a ó bọ́ sílẹ̀ ní ìdíkọ̀ kan tí púpọ̀ nínú wọn kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, a ó gba inú oko àgùntàn àti orí òkè etí òkun kọjá. Nígbà tó bá di ìrọ̀lẹ́, a ó wọ ọkọ̀ mìíràn ní ìdíkọ̀ mìíràn, a ó sì padà sílé. Kò sí ohun tí a lọ rà, kò sí ẹni tí a lọ kí. Irun orí mi ṣì dúdú nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ kíkó èèyàn rìn yìí ti di arúgbó, òmíràn nínú wọn sì ti re ibi àgbà ń rè.

Ìrìn tó bẹ̀rẹ̀ ní ìdíkọ̀ kan tó sì parí ní òmíràn yàtọ̀ pátápátá sí èyí tí ènìyàn gbé mọ́tò lọ ṣe, kì í sì í ṣe nítorí owó tàbí nítorí èéfín nìkan. Ẹni tó gbé mọ́tò lọ, ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn ni. Bó bá jẹ koríko dé ibi tí okùn rẹ̀ tó, ó di dandan kó yí po padà. Kó tó rìn dé ìdajì, ọkàn rẹ̀ á ti kúrò lójú ọ̀nà, á ti lọ sọ́dọ̀ mọ́tò: ṣé mo tilẹ̀kùn, ṣé wọn ò tíì lẹ ìwé ìtanràn mọ́ gíláàsì? Ẹni tó bá ọkọ̀ ojú irin lọ kò fi ohunkóhun sílẹ̀ lẹ́yìn. Ó lè máa lọ títí, kó ti ìlú kan dé ìlú kejì bí àwọn baba wa ṣe ń ti Ìjẹ̀bú dé Ìbàdàn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má sì padà sójú ipa rẹ̀. Àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òwe yẹn kò sọ pé ọ̀nà tí a gbà lọ náà la gbọ́dọ̀ gbà bọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú Seaford sí Eastbourne, torí òun ni gbogbo ènìyàn máa ń béèrè. Etí òkun ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìlú méjèèjì wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdíkọ̀ tirẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 22 ló sì wà láàárín wọn béèyàn bá tẹ̀ lé bèbè òkun. Láti ìdíkọ̀ Victoria ní Lọ́ńdọ̀nù, a ó pààrọ̀ ọkọ̀ ní Lewes. Seaford ni irin náà parí sí. Ọkọ̀ kò lè lọ síwájú mọ́, àwa la ó máa lọ. A ó gun Seaford Head, ibẹ̀ la ó sì ti rí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn òkè ẹfun tó tò tẹ̀lé ara wọn, funfun báláú, tí òkun ń jẹ nídìí. Seven Sisters ni wọ́n ń pè wọ́n. Mi ò tíì rí ẹni tó kọ́kọ́ dé ibẹ̀ tí kò dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, títí kan àwọn tó ti ń ráhùn láti Lewes.

Odò Cuckmere ló máa ń dá wa dúró. Ibi tó ti wọ òkun kò fẹ̀, ó sì dà bíi pé ènìyàn lè là á kọjá. Gbogbo ìgbà ni ọ̀dọ́ kan nínú wa máa ń fẹ́ bọ́ bàtà. N kì í gbà. Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru, odò tó sì bá òkun pàdé, ìwà òkun ló máa ń hù. A ó rìn wọnú ilẹ̀ lọ sí afárá Exceat, a ó sọdá, a ó tún rìn padà sétí òkun ní òdìkejì. Ohun tí ojú rí bí ìdajì ìṣẹ́jú á gbà wá tó wákàtí kan. Níbẹ̀ ni mo ti máa ń mọ irú ẹni tí mo kó lọ́wọ́. Ẹni tó bá fi wákàtí yẹn bínú, á fi gbogbo ọjọ́ bínú.

Lẹ́yìn odò ni òkè dé, gíga àti ìsàlẹ̀, gíga àti ìsàlẹ̀, kò sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ kankan láàárín wọn. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fẹ́ wá láti gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀rẹ̀ láti Seaford tí n kì í bẹ̀rẹ̀ láti Eastbourne, kí afẹ́fẹ́ lè máa tì wá lẹ́yìn. Onímọ́tò kò ní àǹfààní yẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá tì í lọ, afẹ́fẹ́ náà ni yóò kọjú sí bó bá ń bọ̀. Mo rántí màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Lórí òkè kẹrin, ó jókòó sílẹ̀ gbalaja, ó ní, “Ọmọ mi, mélòó ló kù?” Mo ní, “Màmá, ó ku mẹ́ta, àti ti ìkẹyìn tó ga ju gbogbo wọn lọ.” Ó ní ká padà. Mo ní, “Màmá, ẹ̀yìn ti jìn tó iwájú báyìí.” Ó wo Seaford lọ́hùn-ún, ó wo iwájú, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ó ti parí nìyẹn. Fún mi lómi.” Láti ìgbà náà, kò sí ìrìn tí a ṣe tí màmá yìí kò bá wa lọ, àyàfi bí wọ́n bá ń bí ọmọ-ọmọ.

Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ń pè ní Birling Gap ni ilé iná Belle Tout wà, èyí tí wọ́n kọ́ láti máa tọ́ ọkọ̀ òkun sọ́nà. Ní 1999, wọ́n gbé odindi ilé náà kúrò ní etí ọ̀gbun, wọ́n tì í sẹ́yìn ní mítà 17, nítorí òkun ti jẹ ẹfun dé ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Beachy Head, mítà 162 sókè òkun. Kò sí òkè ẹfun etí òkun tó ga tó o ní gbogbo ilẹ̀ Bìrìtìkó. Ibẹ̀ la ti ń sọ̀ kalẹ̀ wọ Eastbourne. Ìdíkọ̀ wà láàárín ìlú, ọkọ̀ Lọ́ńdọ̀nù kì í sì í pẹ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, a lè ti Cuckmere dé Birling Gap kí a má pàdé ju ìwọ̀nba èèyàn lọ. Fóònù ti yí ìyẹn padà. Àwòrán òkè wọ̀nyẹn ti lọ káàkiri ayé, àwọn èèyàn sì ń ti ọ̀nà jíjìn wá yàwòrán ara wọn níbẹ̀. Wọ́n á dúró sí etí bèbè níbi tí ẹfun ti ṣófo lábẹ́, tí ẹni tó wà lókè kò lè mọ̀. Ọkàn mi kì í balẹ̀ bí mo bá rí wọn, ṣùgbọ́n n kì í bá wọn jà. Púpọ̀ nínú wọn bá ọkọ̀ ojú irin wá bíi tiwa, owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn sì wà lára ohun tó ń mú kí ọkọ̀ ṣì máa dé ibẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé wọ́n wá wo òkè, wọn ò wá rìn ín. Àrìnjìnnà ní í rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tó dúró lójú kan, àwòrán tí ẹlòmíràn ti yà náà ni yóò tún yà.

Ọ̀rọ̀ ká bá ọkọ̀ ojú irin lọ rìn ti pẹ́ nílẹ̀. Ní 1879 ni Leslie Stephen, baba Virginia Woolf òǹkọ̀wé nì, kó àwọn ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n á bá ọkọ̀ ojú irin jáde kúrò nílùú, wọ́n á rìn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n ní owó, wọ́n ní àyè. Mi ò ní púpọ̀ láti sọ nípa wọn.

Ti àwọn òṣìṣẹ́ ló wù mí jù. Láàárín Manchester àti Sheffield, ìlú ilé iṣẹ́ méjì tí èéfín bò nígbà náà, òkè gbalasa kan wà tí wọ́n ń pè ní Kinder Scout. Àwọn olówó tó ni ilẹ̀ ti sé e mọ́, wọ́n fi àwọn ọkùnrin ṣọ́ ọ, nítorí ẹyẹ kan tó jọ àparò tí wọ́n ń yìnbọn pa ní ìgbà díẹ̀ lọ́dún. Òṣìṣẹ́ tó fi ọjọ́ mẹ́fà gbé nínú ariwo ẹ̀rọ lè rí òkè náà láti ojú fèrèsé ọkọ̀ ojú irin, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gùn ún. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn ọ̀dọ́ gòkè láti Hayfield láìgba àṣẹ, àwọn ará Sheffield sì gba ọ̀nà Edale wá pàdé wọn. Benny Rothman ló ṣáájú, ọmọ ogún ọdún. Ọlọ́pàá ti ń dúró dè é ní ìdíkọ̀ ní Manchester. Ó mọ̀, ó sì gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Hayfield. Wọ́n mú àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn náà, márùn-ún sì ṣẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ìtàkùn tó ní kí erin má gòkè odò, tòun terin ní í lọ. Òfin ọgbà orílẹ̀-èdè jáde ní 1949, òkè náà di ara ọgbà àkọ́kọ́ ní 1951. Ní 1965 wọ́n ṣí ọ̀nà ẹsẹ̀ Pennine Way, tó gùn ní máìlì 268, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Edale, níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti ń dúró. Òfin ọdún 2000 ló wá ṣí irú òkè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ẹlẹ́sẹ̀.

Bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, òfin àti ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa ń tẹnu mọ́. Ibi tí ọlọ́pàá dúró sí ló máa ń wù mí láti tọ́ka sí. Wọn ò dúró lẹ́sẹ̀ òkè, wọn ò dúró lẹ́nu ọ̀nà oko. Ìdíkọ̀ ni wọ́n lọ, torí wọ́n mọ ibi tí ilẹ̀kùn wà. Bí kò bá sí ọkọ̀ ojú irin olówó pọ́ọ́kú lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ wọ̀nyẹn ì bá má mọ òkè náà débi tí wọn yóò fi jà fún un.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀kùn náà. Ní 1963, Dókítà Richard Beeching kọ ìwé fún ìjọba lórí bí rélùwéè kò ṣe ní máa jẹ gbèsè mọ́. Ó dárúkọ ìdíkọ̀ 2,363 tó yẹ kí wọ́n tì. Wọn ò tì gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n tì pọ̀, wọ́n sì tún ti àwọn mìíràn lẹ́yìn rẹ̀. Ìdíkọ̀ Hayfield kú ní 1970. Wọ́n hú irin náà, wọ́n sì sọ ojú ọ̀nà rẹ̀ di ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ láti New Mills. Mo ti kó èèyàn gba ibẹ̀. Ó tẹ́jú, ó dára fún àwọn tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, n kò lè purọ́. Bí a bá dé Hayfield, a ó rí mọ́tò tí wọ́n tò síbẹ̀ bí ẹni wá síbi ìnáwó. Àwọn tó jà láti lè gun òkè yẹn kò ní mọ́tò. Ẹni tó bá dà bíi tiwọn lónìí gbọ́dọ̀ bọ́ sílẹ̀ ní New Mills kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ọ̀nà tí irin gbà nígbà kan. Wọ́n fún wa ní òkè, wọ́n gba ìdíkọ̀ lọ́wọ́ wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá sọ pé kò sí ohun tí mẹ̀kúnnù lè ṣe sí i, ọ̀nà irin Settle sí Carlisle ni mo fi ń dá a lóhùn. Ní nǹkan bíi 1980 sókè, wọ́n fẹ́ ti ọ̀nà yìí náà. Wọ́n ní afárá Ribblehead, tó ní ẹsẹ̀ títẹ̀ 24, ti gbó, àtúnṣe rẹ̀ á gbówó. Àwọn arìnrìn àjò àti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kọ̀wé pé àwọn kò gbà. Graham Nuttall wà nínú wọn, òun àti ajá rẹ̀ tó ń jẹ́ Ruswarp. Ajá yìí tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ìwé ẹ̀hónú, wọ́n sì gbà á wọlé, torí arìnrìn àjò tó ń san owó ọkọ̀ lòun náà. Ní 1989, ìjọba ní kí wọ́n má tì í. Ní oṣù kìíní ọdún 1990, ọkùnrin náà àti ajá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ rìn ní Llandrindod Wells ní ilẹ̀ Wales. Wọn ò padà. Oṣù kẹrin ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀ létí odò, ajá náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá nínú òtútù ló fi ṣọ́ olówó rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sí ìdíkọ̀ Garsdale ní 2009. Àwọn ará wa tí wọ́n máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn mi bí ajá bá gbó lójú ọ̀nà oko, mo ti rí i tí àwọn náà ń fọwọ́ pa orí ère yẹn, tí wọ́n ń sọ fún un pé ó ṣe é.

Iṣẹ́ wa gan-an ti yí padà, ní pàtàkì lórí ọ̀rọ̀ àkókò. Òkèèrè ni olójú jíńjìn ti ń mẹ́kún sun. Tẹ́lẹ̀, ìwé àkókò ọkọ̀ nípọn bíi Bíbélì, máàpù sì wà lórí tábìlì láti ọjọ́ Wẹ́sìdeè. Mo kọ́ ohun kan lọ́dọ̀ àwọn àgbà tí mo bá níbẹ̀, mo sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́: ìdíkọ̀ tí ọkọ̀ kì í pọ̀ níbẹ̀ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ pọ̀ ni kí o fi parí. Bí ara bá le ní òwúrọ̀, o lè bá ọkọ̀ kan ṣoṣo pàdé ní àkókò tirẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí orúnkún bá ń sọ̀rọ̀, kò yẹ kó jẹ́ ìwọ ni wàá máa sáré tẹ̀lé aago.

Àwọn ìdíkọ̀ kan wà tí wọ́n le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Corrour, ní ilẹ̀ Scotland, wà lókè ju mítà 400 lọ láàárín ọ̀dàn tí kò ní títì tí mọ́tò ará ìlú lè gbà. Bí ọkọ̀ bá já ọ sílẹ̀ níbẹ̀, ìwọ àti àgbọ̀nrín ló kù. Berney Arms ní Norfolk náà kò ní títì. Ẹni tó ni ilẹ̀ náà tà á fún rélùwéè ní nǹkan bíi 1844 pẹ̀lú àdéhùn pé kí ọkọ̀ máa dúró níbẹ̀, ó sì ń dúró títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti sọ fún òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀, ẹni tó fẹ́ wọ̀ sì gbọ́dọ̀ na ọwọ́ kí awakọ̀ rí i. Mo fẹ́ràn láti rí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù bí wọ́n ṣe ń na ọwọ́ síbẹ̀. Wọn kì í gbà gbọ́ pé yóò dúró.

Ní báyìí, fóònù ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà àti ìṣẹ́jú tó fi pẹ́. Ó dára. Ṣùgbọ́n ohun kan ti bá a lọ. Bí a bá pàdánù ọkọ̀ tẹ́lẹ̀, ó di wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí bẹ́ǹṣì. A ó pín ìyókù ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, ẹni tí kò sọ̀rọ̀ láti òwúrọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó gbé e wá sí ìlú yìí. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú, ọ̀rọ̀ ọkọ tó kọ aya, ọ̀rọ̀ ilé tí àbúrò tà nílé láìsọ, gbogbo rẹ̀ lórí irú bẹ́ǹṣì bẹ́ẹ̀. Lónìí, kálukú á tẹ orí ba, á máa wo fóònù rẹ̀. Mi ò sọ pé kí ọkọ̀ máa pẹ́ o! Ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ti fìyà ìyẹn jẹ wá tó. Lọ́jọ́ Àìkú kan, wọ́n ní àwọn ń tún irin ṣe, wọ́n kó wa sínú bọ́ọ̀sì tó ń gba kọ̀rọ̀ abúlé kiri, àwọn màmá sì ń bì sínú ọ̀rá.

Nípa àwa aláwọ̀ dúdú lójú ọ̀nà yìí, ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn láti sọ tán. Nígbà kan, ọmọkùnrin kan dúró lẹ́nu géètì oko, kò fẹ́ wọlé. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé wọn ò ní pe ọlọ́pàá sí wa?” Ọ̀nà náà wà lórí máàpù, òfin sì ti fún gbogbo ènìyàn láṣẹ láti gbà á kọjá, oko yòówù kó jẹ́. Bàbá rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ló rẹ́rìn-ín. Ó ní ọ̀nà oko àwọn nílé gba àárín oko ìdílé mẹ́ta kọjá, kò sì sẹ́ni tó béèrè ìwé. Ẹni tó wa iṣu olóko ló jẹ̀bi, kì í ṣe ẹni tó kọjá. Ohun tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ sílẹ̀ kò jìnnà sí ohun tí bàbá náà mọ̀ láti kékeré. Ọmọ tí wọ́n bí síbí ni kò mọ̀ ọ́n, torí kò sẹ́ni tó mú un kúrò lórí kọnkéré.

Ká rìn ká pọ̀, yíyẹ ní ń yẹ ni. Ní Sheffield, láti 2004, ni Maxwell Ayamba, ọmọ ilẹ̀ Gánà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kó àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú lọ sórí òkè. Ní 2019, Rhiane Fatinikun dá ẹgbẹ́ Black Girls Hike sílẹ̀. Orúkọ bàbá rẹ̀ ti sọ ibi tó ti wá fún ẹni tó bá gbọ́ èdè wa. Ó sọ pé inú ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Peak District, agbègbè tí Kinder Scout wà, kọjá ni èrò àtimáa rìn ti sọ sí òun lọ́kàn. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, mo rántí àwọn ọmọ ilé iṣẹ́ Manchester.

Àwọn tí mo ń kó rìn, púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ òru. Wọ́n ń tọ́jú arúgbó, wọ́n ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì, wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà. Wọn ò ní mọ́tò. Bí wọ́n bá wọ ilé ọtí abúlé kan, ojú á yí sí wọn. Ní ìdíkọ̀, tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n ń béèrè. Ohun mìíràn tún wà tó máa ń yà mí lẹ́nu dòní. Òyìnbó tó jókòó níwájú rẹ nínú ọkọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù tí kò là ẹnu, bó bá pàdé rẹ lórí òkè ní wákàtí méjì lẹ́yìn náà, á kí ọ tẹ̀ríntẹ̀rín, á sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, á fi ọ̀nà tí kò ní ẹrẹ̀ hàn ọ́. Ẹnì kan náà ni o! Mo ti kọ́ àwọn ènìyàn wa pé kí wọ́n máa dáhùn bí ẹni tí wọ́n kí “ẹ kú ìrìn”, torí ohun tó ń sọ náà nìyẹn.

Wọ́n máa ń bi mí bóyá a lè ṣe irú rẹ̀ nílé. Láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn, kìlómítà 157. Ṣùgbọ́n Laderin, lẹ́yìn ìlú, ni ìdíkọ̀ tuntun Abẹ́òkúta wà, ọlọ́kadà ló sì ń dúró dè ọ́ níbẹ̀. Ìdíkọ̀ àtijọ́ ní Láfẹ́nwá ló wà nínú ìlú, tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ ti ibẹ̀ dé Olúmọ. Ní àkókò tí ènìyàn ń bẹ̀rù inú igbó yìí, mi ò ní wà ní Lọ́ńdọ̀nù kí n máa sọ fún ará ilé pé kó lọ rìn nínú oko láìnídìí. Ìyẹn di ọwọ́ àwọn tó wà níbẹ̀.

Ìjà tó wà nílẹ̀ báyìí wà láàárín ẹgbẹ́ wa fúnra wa. Àwọn kan ní ká máa háyà bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní tíkẹ́ẹ̀tì ti wọ́n, orúnkún àwọn àgbà kò gba àtẹ̀gùn ìdíkọ̀ mọ́, bọ́ọ̀sì sì lè lọ dúró dè wá níbi tí ìrìn bá parí sí, a kò ní láti yí po padà. Ẹjọ́ wọn kò burú. Èmi náà ti rò ó. Ṣùgbọ́n àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà, bọ́ọ̀sì tí a bá sì háyà, àwa nìkan la ó wà nínú rẹ̀. Obìnrin kan wà tí kì í ṣe ẹ̀yà wa, tó jókòó tì wá nínú ọkọ̀ Hastings, tó rí oúnjẹ wa, tó béèrè ibi tí à ń lọ. Ó bá wa bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà pẹ̀lú bàtà tí kò yẹ. Òun ló ń darí ìrìn wa lónìí bí mi ò bá sí nílé. Bọ́ọ̀sì kì í mú irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá. Ìdíkọ̀ kékeré tí a kò bá lò, wọ́n á ka iye ẹni tó bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún, ẹlòmíràn á tún kọ ìwé bíi ti Beeching. Òkun fúnra rẹ̀ kò sì jẹ́ kí irin sinmi. Ní oṣù kejì ọdún 2014, ìgbì wó ògiri etí òkun ní Dawlish, irin rọ̀ dirodiro sínú afẹ́fẹ́. Nǹkan bí oṣù méjì ni wọ́n fi tún un ṣe, torí àwọn tó ń wọ ọkọ̀ yẹn pọ̀ tí wọ́n ń pariwo. Ta ni yóò pariwo fún ìdíkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀?

Mo sọ gbogbo èyí níbi ìpàdé. Wọ́n dìbò, bọ́ọ̀sì wọlé. Folkestone sí Dover ni ti oṣù tó ń bọ̀, lókè ibi tí ilẹ̀ ti ya ní 1915 tó há ọkọ̀ ojú irin kan mọ́, tó fi di 1919 kí ọkọ̀ tó tún gba ibẹ̀. Bọ́ọ̀sì wọn á gbéra ní aago méje ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Èmi á wà lábẹ́ aago ńlá ní St Pancras ní aago mẹ́jọ, torí ọkọ̀ tó yá jù sí Folkestone kì í tó wákàtí kan. Màmá nọ́ọ̀sì ní èmi lòun ń bá lọ. Ó ní bọ́ọ̀sì ti bọ́ọ̀sì òun tó.